Bí Mo Ṣe Sọ Ìbà Di Ìlú Òkèèrè

Orí ìwé tí wọ́n fi wé ẹja díndín ni mo ti kọ́kọ́ ka ìtàn ìrìn-àjò tó pa mí lẹ́rìn-ín débi pé ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti pẹ́ o. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lá a lálàá pé títì ńlá kan máa gba ẹ̀yìn ìlú wa lọ sí Àgbádárìgì. Obìnrin kan wà létí omi ní Ọ̀jọ́ tó máa ń din ẹja láàárọ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń bá a kó bọ̀ láti Èkó ló sì fi ń wé e fún oníbàárà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo ti kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì nílé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìwé kíkà sì ti di àìsàn sí mi lára. Ohunkóhun tí mo bá rí lẹ́tà lára rẹ̀, àfi kí n kà á.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ti jẹ orí ẹja náà tán kí n tó rí i pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń ròyìn bó ṣe dé ìlú olótùútù kan lókè òkun. Ó ní òun wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, òun rí bàbá arúgbó kan, òun sì dọ̀bálẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Bàbá náà wò ó nílẹ̀, ó rò pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ló já bọ́, lòun náà bá kúnlẹ̀, ó ń bá a wá a. Kò pẹ́, èèyàn mẹ́rin ti wà nílẹ̀ bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni ò sọ nù. Ibi tí òróró ti mu ìwé náà yó ni ìtàn ti pin.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹlẹ́ja bi mí bóyá egungun ló há mi lọ́fun. Nígbà tí mo kà á fún un, ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, ẹja ń jó nínú epo, kò wo ibẹ̀.

"Àwọn òyìnbó náà?" ló wí. "Nílẹ̀ bọ́ọ̀sì?"

"Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mà."

"Jọ̀ọ́, tún un kà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú orí mi wú tó bẹ́ẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ wa, ìtàn ìrìn-àjò wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Òyìnbó ló máa ń rìnrìn-àjò, àwa la máa ń jẹ́ ohun tó bá pàdé lọ́nà. Á ní àwọn èèyàn ibí yìí ń fi orí ru igi, á ní wọ́n ń pariwo bí wọ́n bá ń kíra wọn, olùkọ́ á kà á sókè, àwa náà á sì máa fi ara wa rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Mo ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn, pé àwọn kan á máa wò, àwọn kan á sì jókòó kí wọ́n máa wò wọ́n. Àfi bí ọmọ Yorùbá kan ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi, tó lọ jókòó síbi tí wọ́n ti wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n padà! Inú mi dùn, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé inú dídùn náà sí. Kò sì bú wọn o. Òun gan-an ló gọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó kọ, nítorí náà ni àwọn òyìnbó inú ìwé rẹ̀ fi dà bí ará àdúgbò wa. Nígbà tí mo wá ka ti ìyá onílé tó gbà á sílé níbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ bíi pé a jọ ń pọnmi ni.

Láti ọjọ́ náà, ẹja ni mò ń rà láràárọ̀, bí ebi ń pa mí, bí kò pa mí. Mo rí i pé ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ìtàn náà ń jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe tò kọ́ ló ń tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ọkùnrin náà ti ń kí i kú àbọ̀ kó tó kí wọn pé ó dìgbóṣe. Ó ti bá otútù jà, ó ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó há sẹ́nu ọ̀nà, kí n tó mọ ìdí tó fi lọ rárá. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwà tó bá rí lára èèyàn ló fi ń pè é. Ìyá onílé yẹn, Ìyá Ojú-Ọjọ́-Dára ló ń jẹ́, nítorí pé láràárọ̀, bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́, á ní ojú ọjọ́ mà dára lónìí. Ọkùnrin wa ní òun mú fìlà, òun jáde lọ wá ojú ọjọ́ tó dára náà, òun wá a dé ìkóríta, òun ò bá a nílé.

Ojú ewé kan wà tí mi ò rí, ìyẹn ti àkọ́kọ́ pátápátá, èyí tó ní láti sọ orúkọ ìlú náà. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Bí mo ṣe ń wá ìwé yìí kiri ni mo fi pàdé ọkọ mi. Kápíńtà ni, ará Ìbà. Òun àti bàbá rẹ̀ wá kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ni wọ́n sì ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ó rí mi tí mo ń nu ìwé olóròóró mọ́ ìró mi, ó bi mí ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo ka ti bọ́tìnnì fún un. Kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ rò ó wò. Nígbà tí ẹ̀rín wá dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó yọ ìwé mẹ́ta láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ alákàrà Ìbà, méjì láti Òkókómáíkò, ata ṣì wà lára ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mìíràn ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ àti àtíkè wá fún ọmọbìnrin. Tèmi ń gbé ìwé tó ń rùn ní òróró àkàrà wá, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé òun ni màá fẹ́.

"Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ńkọ́?" mo bi í. "Èyí tó máa sọ orúkọ ìlú náà?"

"Mò ń wá a," ó ní. "Màá rí i fún ẹ."

Àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, àwọn èèyàn mi sì gbà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kápíńtà tó bá kan òrùlé tí kò jò, òun ò ní béèrè ibi tó kọjú sí bó bá ń gbàdúrà. Wọ́n fi ìdána sí ẹ̀yìn ìkórè. Ìgbà náà ni ìyá àgbà ilé wọn, ìyá bàbá ọkọ mi, ránṣẹ́ pé kí n wá wọn àwọn obìnrin ilé fún aṣọ ìdúpẹ́ ìkórè, kí n sì bá wọn rán an. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú ni wọ́n fẹ́ fi wò mí.

Mi ò tíì dé Ìbà rí. Ọmọ etí omi ni mí, ojú omi ni mo máa ń gbà bí mo bá fẹ́ jáde. Ibi tí èèyàn lè rìn dé kí oòrùn tó mú ni Ìbà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, òkè òkun ni mò ń lọ. Mo mú téèpù, mo mú ìwé ìwọ̀n mi, ìyẹn ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àyà àti gígùn apá àwọn oníbàárà sí. Mo yí ìwé náà padà, mo sì kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn pé: Ìrìn-Àjò Mi sí Ilẹ̀ Ìbà.

Òkókómáíkò ni mo kọ́kọ́ yà sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Níbẹ̀ ni ọkọ mi ti wá pàdé mi, nítorí wọn ò ní jẹ́ kí n dá wọ ìlú wọn. Ó gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó sì ṣíwájú. Mi ò tíì rí ẹni tó ń purọ́ ọ̀nà bíi tirẹ̀ rí. Mo bi í pé ó kù tó báwo, ó ní, "Díẹ̀ ló kù." A kọjá oko ẹ̀gẹ́, a kọjá odò kékeré kan, mo tún bi í. "Díẹ̀ ló kù." A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti ń ta mí, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, "Díẹ̀ báyìí ló kù." Mi ò kọ èyí sínú ìwé. Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ò ju ìlà kan ṣoṣo lọ, orúkọ rẹ̀ àti pé òun ló sìn mí dé ilé wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn yòókù! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò, ọwọ́ mi ò kúrò lára pẹ́ńsùlù. Bí mo bá wọn àyà obìnrin kan tán, màá kọ ọ́ síwájú ìwé, màá tún ṣí i lẹ́yìn, màá kọ ohun tó ń sọ nígbà tí mò ń wọ̀n ọ́n. Mo ṣì rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Nígbà tí mo gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Ìbà, àwọn ọmọ onílẹ̀ jáde wá wò mí. Wọ́n béèrè àlàáfíà bàbá mi, ìyá mi, àwọn àbúrò mi, ewúrẹ́ wa, àti ti ọ̀sà. Mo ní ọ̀sà wà ní àlàáfíà, ó ní kí n kí yín. Inú wọn dùn."

Bí ti ọkùnrin inú ìwé ìròyìn, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyá ọkọ mi tí kì í jẹ́ kí àwo ṣófo, mo pè é ní Ìyá Tún-Un-Bù. Ìyàwó ilé kan wà tí mo ní kó wá kí n wọ̀n ọ́n, tó ní òun ń bọ̀ láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kẹta. Ibi tó ti ń gbálẹ̀ ni mo ti fi téèpù lé e kiri. Ìyẹn ń jẹ́ Ìyàwó Mo-Ń-Bọ̀. Bàbá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà ni, kò sì sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí kì í kà sókè fún gbogbo ilé, ìka rẹ̀ á máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Mo kọ ọ́ pé, "Bàbá Kàá-Síta ka ara páálí ìṣáná fún mi láti orí dé ìdí, ó sì bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Ó ní bí kò bá yé mi, òun lè tún un kà."

Èyí tó burú jù ni ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀. "Ọba kan wà nídìí ààrò wọn," ni mo kọ. "Ọ̀gágun Orógùn ni mo pè é. Kò ga ju àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bó bá na orógùn ọkà sápá ọ̀tún, ìyàwó mẹ́fà á yà sápá ọ̀tún. Bó bá nà án sápá òsì, àwọn adìẹ náà á yà." Mo kọ ojú ewé mẹ́jọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀jọ́, mo kà á fún àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n yí lulẹ̀. Ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún ìka nínú ẹ̀rín. Ọ̀gá wa pàápàá dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣínnì, ó ní kí n padà síbi ti ọ̀sà yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí oúnjẹ tó dùn tó o! Mo rán aṣọ àwọn ará Ìbà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣínnì, ọkàn mi ń rò ó pé bí ọkùnrin inú ìwé ìròyìn yẹn bá rí ìwé mi, á gbà pé èmi náà ti rìnrìn-àjò.

Lọ́jọ́ tí aṣọ pé, mo lọ pọnmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wá láti Òkókómáíkò láti bá wa gbé e lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti lọ, tábìlì mi sì mọ́ tónítóní. Mo wá ìwé mi lọ, mo wá a bọ̀.

"Ìwé wo?" ìyá mi bi mí. "Ìwé ìwọ̀n? Mo ti bá ẹ dì í mọ́ aṣọ. Bí ọ̀kan bá fún mọ́ ẹnì kan lára, wọ́n á lè wo ohun tó o kọ, wọ́n á rí i pé ẹ̀bi tìẹ kọ́."

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ẹ má dá a lẹ́bi, ohun tó tọ́ lójú ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yin ọmọ òun ló ṣe. Mo ju korobá sílẹ̀, mo sáré dé Òkókómáíkò láìwọ bàtà, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò yà nílé rárá, tààrà ló lọ sí Ìbà. Mo jókòó sí ojú ọ̀nà níbẹ̀, mo fi ìka bọnu. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ tó máa tú ìgbéyàwó mi ká, mo tún fi òǹkà ojú ewé sí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú tó le. Ó ní bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ìwé náà, ta ni ì bá tún rí i? Ó pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń ka ìwọ̀n àyà àwọn ìyàwó ilé sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Àwọn obìnrin pariwo lé e lórí. Ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé, ìka rẹ̀ ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó ka ti ewúrẹ́, ó ka ti ọ̀sà, ó ka ti Ìyá Tún-Un-Bù, ó dé ibi tí bàbá kan ti ń ka páálí ìṣáná. Ó wo ìka rẹ̀. Ó tún un kà ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?" mo bi í.

"Ta ló máa rẹ́rìn-ín?" ló fi dá mi lóhùn. "Ìyá àgbà jókòó níbẹ̀, orógùn lọ́wọ́. Ó ní kó kà á nìṣó. Ó kà á dé ti Ọ̀gágun Orógùn, ó kà á tán pátá. Ìyá àgbà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní lọ́tùnla, òun fúnra òun á wá sí Ọ̀jọ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ní tèmi, mi ò lè jẹun. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ojú títì kọ́ ló ń dùn mí jù. Kápíńtà tó ń gbé ìwé olóròóró wá fún mi, mo rò ó pé mi ò ní rí i mọ́, pé ẹlòmíràn ni yóò máa purọ́ ọ̀nà fún. Mo kó gbogbo ìwé ìròyìn mi jáde, mo fẹ́ sun wọ́n. Mo mú ti bọ́tìnnì, mo ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó jù ú síná. Mo bá rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ara mi, mo kó wọn padà sábẹ́ ẹní.

Wọ́n dé lọ́jọ́ kẹta kí oòrùn tó mú, èèyàn mẹ́fà, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi rìn. Ìyá àgbà ló ṣíwájú. Ọkọ mi ló wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé àpótí ìjókòó ìyá àgbà lọ́wọ́, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Àwọn èèyàn mi kí wọn títí, wọ́n gbé omi fún wọn. Ìyá àgbà ò mu ún. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé mi jáde, ó gbé e lé itan.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

Mo ti wà lórí eékún. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bi ẹ́ nípa ìbínú. Ta ló sọ fún ẹ pé Ọ̀gágun Orógùn ni mò ń jẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ mi ń jẹ́ Bàbá Kàá-Síta?"

"Kò sí, mà. Èmi ni mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá ìyàwó, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ̀yin náà ti ṣe ìyàwó ilé rí. Nígbà tí mo wọ ilé wọn ní Ìbà, ṣé mo lè pe ẹnikẹ́ni lórúkọ? Ọmọ tó ń rá nílẹ̀ pàápàá, ó ṣáájú mi débẹ̀, ọkọ mi ni. Àfi kí n wá orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo títí wọ́n fi yà á, mò ń wá orúkọ kiri, èyí tí mo rí pàápàá ò dára. Àbúrò ọkọ mi kan, mo kàn ń pè é ní Bàbá Kékeré, ó sì ga bí igi àgbọn!" Ó gbá ìwé náà lórí. "Èyí lo ọjọ́ mẹ́ta. A ò tíì ṣe ìdána, ó ti sọ gbogbo ilé lórúkọ bí ìyàwó, orúkọ náà sì bá kálukú mu. Kàá-Síta!"

"Mà!" bàbá ọkọ mi dáhùn, ó sì jẹ́ ẹ tọkàntọkàn.

"Ṣé ó purọ́ mọ́ ẹ?"

"Kò purọ́, ìyá. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ló tó wá dùn mọ́ mi."

"Èmi, mi ò lè rẹ́rìn-ín lójú wọn," ìyá àgbà wí. "Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ta ló tún máa yà bí mo bá na orógùn? Mo wọ yàrá, mo fi gèlè dí ẹnu. Ìhà mi ṣì ń dùn mí."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ nílé wa. Ìyá Tún-Un-Bù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ń nu ojú, òun náà ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi ń fi ọwọ́ lu itan. Mo fẹ́ dìde, kí n fò, kí n dì mọ́ gbogbo wọn. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí mi bíi pé orógùn wà níbẹ̀, mo padà sórí eékún mi.

"A ò tíì parí," ló wí. "Ẹjọ́ kan ṣì wà. Ojú ewé mẹ́jọ lo kọ. Gbogbo wa lo fi ṣe yẹ̀yẹ́, o ò dá adìẹ sí. Ọmọ ọmọ mi, ìlà kan ṣoṣo lo kọ fún un, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lo sì kọ síbẹ̀ gbàǹgbà. Ṣé ìyàwó máa ń pe ọkọ lórúkọ ni? Kí ló ṣe tí o ò rí nǹkan kan fi í rẹ́rìn-ín?"

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀, mi ò rí irọ́ kankan tí mo lè pa.

"Mo gbìyànjú, mà," ni mo wí. "Bí mo bá ti fẹ́ kọ nípa tiwọn, màá kàn máa gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù. Mi ò lè wò wọ́n bí àlejò ṣe ń wo èèyàn."

Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ létí omi. Mo fi ọwọ́ bojú. Nígbà tí mo yọjú díẹ̀ láàárín ìka, ọkọ mi ti gbé àpótí ìjókòó náà bo orí, etí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Ó dáa," ìyá àgbà wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ṣùgbọ́n a ò kúrò níbí lónìí tí o ò bá fún un lórúkọ."

"Díẹ̀-Ló-Kù," ni mo wí. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ojú ọ̀nà Òkókómáíkò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún òun náà nìyẹn bí wọ́n bá jọ ń kan òrùlé. Ìyá àgbà wá mu omi rẹ̀. Ó dá ìwé padà fún mi, ó ní kí n mú un wá bí mo bá ń bọ̀ nílé ọkọ, àwọn kan wà nílé tó ń bínú pé àwọn ò sí nínú rẹ̀.

Mo kọ ti àwọn yẹn náà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Ìbà ò jìnnà sí mi mọ́. Nígbà tí ìyá àgbà fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Ọ̀gágun Orógùn ni àwọn ìyàwó ilé ń ké pè nídìí pósí rẹ̀, èmi pẹ̀lú wọn.

Títì ńlá ti gba Òkókómáíkò kọjá báyìí, ariwo Ìyànà Ìbà kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. A ti darúgbó. Ọkọ mi ò gun òrùlé mọ́, ṣùgbọ́n bó bá jáde láàárọ̀, á ra àkàrà bọ̀, á sì rí i dájú pé ìwé ni wọ́n fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá. Á da àkàrà sínú àwo, á tẹ́ ìwé náà sórí eékún, á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, á wò ó níwájú, á wò ó lẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ń wá. Ìwé ìròyìn náà gan-an ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣé ẹ ti rí i?" màá bi í.

"Díẹ̀ ló kù," á ní, á sì ká ìwé náà jẹ́jẹ́ sínú àpò.